Èdè Cimbrian àti àwọn ará òkè Asiago: ìbéèrè táwọn èèyàn ń bèèrè jù, pẹ̀lú ìdáhùn

Ọ̀rọ̀ àwọn Cimbrian ti gbà mí lọ́kàn tipẹ́, ìgbàkígbà tí mo bá sì dá a sílẹ̀ láàárín àwọn tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ èdè, ìbéèrè kan náà ló máa ń tẹ̀ lé e. Mo wá kó wọn jọ síbí, kí ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ lè rí i kà lẹ́ẹ̀kan.

Àwọn wo ni Cimbrian, ibo ni wọ́n ń gbé?

Itálì ni wọ́n ń gbé, ní àríwá ìlà-oòrùn, níbi tí òkè Alps ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Verona àti Vicenza. Ọmọ Itálì ni wọ́n, páàsìpọ́ọ̀tù Itálì ni wọ́n ń mú rìn, àmọ́ èdè tí àwọn baba ńlá wọn fi sílẹ̀ fún wọn kì í ṣe èdè Itálì rárá, ẹbí Jámánì ni, Jámánì àwọn ará Bavaria, ìyẹn ìhà gúúsù Jámánì, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ láyé àtijọ́, wọ́n gbé e wá sórí òkè láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, wọn ò sì jù ú sílẹ̀.

Ibi mẹ́ta lèdè yìí fìdí sí. Èyí tó lókìkí jù ni ilẹ̀ òkè Asiago ní ìhà Vicenza, ilẹ̀ tó ga tó nǹkan bíi mítà 1,000 síbẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ lókè, ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Sette Comuni, ìyẹn Ìlú Méje. Ìkejì ni òkè Lessinia lókè Verona, àwọn Ìlú Mẹ́tàlá. Ìkẹta ni Luserna ní Trentino, abúlé kékeré kan tó ga tó mítà 1,333, tí wọ́n kọ́ sí etí òkè níbi tí ilẹ̀ ti já wálẹ̀ gbàgà sínú àfonífojì. Folgaria àti Lavarone tó múlé gbè é náà ti sọ ọ́ rí, ní tiwọn o, orúkọ ilẹ̀ àti orúkọ ìdílé ló kù.

Mo kà á pé ọmọ àwọn Cimbri tó bá Róòmù jagun ni wọ́n. Ṣé òótọ́ ni?

Kì í ṣe òótọ́. Àwọn Cimbri ìgbà Róòmù jẹ́ ẹ̀yà kan láti àríwá, ọ̀gágun Gaius Marius ló ṣẹ́gun wọn ní Vercellae lọ́dún 101 kí wọ́n tó bí Jésù. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1300, àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú ìsàlẹ̀ wo àwọn ará òkè tó ń sọ èdè tí kò yé ẹnikẹ́ni, wọ́n bá ní á jẹ́ pé ìyókù ogun Marius ló sá gòkè. Ìtàn náà dùn, àwọn ará òkè fúnra wọn gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, torí ta ni kò ní fẹ́ kí wọ́n sọ pé baba ńlá òun kojú Róòmù?

Èdè fúnra ẹ̀ ló tú àṣírí. Johann Andreas Schmeller, ọmọ Bavaria tó kọ díkíṣọ́nárì èdè Bavaria, lọ síbẹ̀ lọ́dún 1833 ó tún padà lọ ní 1844, ohun tó gbọ́ lẹ́nu wọn kò ṣàjèjì sí i, Bavaria bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ láyé àtijọ́ ni, kì í ṣe èdè ẹ̀yà kankan tó ti wà kí Jésù tó wá. Díkíṣọ́nárì Cimbrian tó kó jọ jáde ní 1855, lẹ́yìn ikú ẹ̀. Ní ti orúkọ yẹn, ọ̀pọ̀ gbà pé ọ̀rọ̀ wọn fún iṣẹ́ igi gẹdú ló ti wá, èmi náà sì ń tẹ̀ síbẹ̀, torí iṣẹ́ igi ni iṣẹ́ tí wọ́n bá wá.

Kí ló gbé wọn láti Bavaria débẹ̀?

Ebi ni. Ìwé kan wà tí àwọn mọ́ńkì Benediktbeuern ní Bavaria kọ ní nǹkan bí 1050, ó wà ní ilé ìkàwé Munich báyìí, orúkọ àwọn ìdílé tó kó ẹrù wọn forí lé Verona nítorí ìyàn ló wà nínú ẹ̀. Nígbà yẹn abẹ́ àwọn olú-ọba Jámánì ni Verona wà, torí náà kì í ṣe pé wọ́n sọdá sí ìlú ọ̀tá. Àwọn míì tún ń tẹ̀ lé wọn díẹ̀díẹ̀ fún nǹkan bí igba ọdún. Àwọn tó ni ilẹ̀ ní ìsàlẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù, ìjòyè, ilé àwọn mọ́ńkì, gbogbo wọn ló ń wá ẹni tó máa wọ igbó dúdú orí òkè lọ ṣán an, kó gé igi, kó dáná èédú, kó sọ ọ́ di ibi tí ẹran lè jẹ̀. Lọ́dún 1287, Bartolomeo della Scala tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Verona fọwọ́ sí i fún àwọn Jámánì kan láti tẹ̀dó sí igbó Lessinia. Ibi tí ẹlòmíì ò lè gbé ni wọ́n fún wọn, àwọn ni wọ́n sọ ọ́ di ilé.

Ṣé lóòótọ́ ni pé Ìlú Méje ní ìjọba tiwọn?

Òótọ́ ni o, ibi tí orí mi máa ń wú jù nínú ìtàn wọn sì nìyẹn. Lọ́dún 1310 ni ìlú méjèèje so ara wọn pọ̀, wọ́n sì jọ ṣèjọba títí di 1807, nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún, àwùjọ darandaran àti agégi ni o, láìsí ọba láìsí ìjòyè tó jogún oyè. Ìlú kọ̀ọ̀kan ń rán aṣojú wá sí Asiago, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jókòó pa ọ̀rọ̀ pọ̀ lórí igbó, lórí pápá ìjẹko, lórí ojú ọ̀nà, lórí ààbò.

Ní 1404 wọ́n fọwọ́ ara wọn mú ara wọn lọ bá Venice, tó jẹ́ orílẹ̀-èdè tó dá dúró nígbà yẹn. Kò sẹ́ni tó ṣẹ́gun wọn. Àdéhùn tí wọ́n bá Venice ṣe ni pé kí Venice má gba owó orí ńlá lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n máa ṣe òfin ilé wọn bó ṣe wà, àwọn náà á máa fi àwọn ọmọkùnrin wọn ṣọ́ ẹnu ọ̀nà òkè kí ọ̀tá má gba ibẹ̀ wọlé. Àdéhùn yìí dúró fún irínwó ọdún. Ẹ rò ó wò.

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan tó to orúkọ ìlú méjèèje ní èdè wọn, ara ilé ìjọba wọn àtijọ́ ní Asiago ni wọ́n kọ ọ́ sí: Sleghe un Lusaan, Ghenebe un Vüsche, Ghel, Rotz, Robaan, ó wá parí pẹ̀lú pé àwọn méje yìí ni ìlú àtijọ́, ọmọ ìyá tó fẹ́ràn ara wọn. Ẹni tó bá mú máàpù Itálì lónìí, Asiago, Lusiana, Enego, Foza, Gallio, Rotzo àti Roana ló máa rí, ìlú kan náà ni.

Napoleon ló fòpin sí i. Venice wó ní 1797, nígbà tó di 1807 wọ́n tú ìjọba Ìlú Méje ká, wọ́n fi òfin tó wà ní ìsàlẹ̀ jọba lé wọn lórí. Mo gbà pé ọjọ́ yẹn ni àìsàn èdè wọn bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́, màá ṣàlàyé ìdí ẹ̀ nísàlẹ̀.

Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe jẹun?

Àgùntàn, igi, èédú. Tí òtútù bá dé tí yìnyín bo òkè, àwọn darandaran á da agbo àgùntàn sọ̀ kalẹ̀ lọ sí pápá ìsàlẹ̀ ní ìhà Padua, tó bá di ìgbà ooru wọ́n á tún gòkè. Irun àgùntàn ń lọ sọ́jà, igi ń gba odò Brenta lọ sí Venice, tó ń fi í kọ́ ọkọ̀ ojú omi. Lónìí wàràkàṣì Asiago lẹ ó rí nínú ṣọ́ọ̀bù káàkiri Yúróòpù, orí òkè yìí ló ti wá.

Ohun kan wà tójú máa ń kọ́kọ́ rí téèyàn bá dé ibẹ̀, òkúta pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní ìdúró, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, tó ga dé ìbàdí èèyàn, wọ́n to wọn lọ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà àti láàárín pápá kí màlúù má bàa já wọ oko olóko. Stoan platten ni wọ́n ń pè é. Àwọn kan ti tẹ̀, èéhù ti bo àwọn míì, síbẹ̀ wọ́n wà níbẹ̀. Ilẹ̀ àjùmọ̀ní náà ṣì wà, igbó àti pápá tí kì í ṣe ti ẹnì kan, tí àwọn ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti gé igi níbẹ̀ láti ìrandíran, ogún ìgbà ìjọba àtijọ́ ni.

Báwo lèdè náà ṣe ń dún? Ṣé ọmọ Jámánì lè gbọ́ ọ?

Yóò mú ọ̀rọ̀ kan níbí, kan lọ́hùn-ún, àmọ́ tí àgbà Luserna méjì bá ń bára wọn sọ̀rọ̀, àfàìmọ̀ kó má sọnù. Omi ni bazzar, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ni pruadar, ilẹ̀ ni earde. Tuesday ni Erta, Thursday ni Pfinzta, orúkọ tí àwọn ará Bavaria àtijọ́ ń pè é ni, Jámánì tí wọ́n ń kọ́ ní síkúùlù kò lò ó mọ́. Ohun tí ilé ti sọ nù ni àwọn tó jáde nílé ṣì ń fọwọ́ mú.

Itálì náà ti wọnú ẹ̀ gan-an. Wọ́n yá ọ̀rọ̀ tí Itálì fi ń so gbólóhùn pọ̀, ìyẹn ke, wọ́n sì ní tiwọn náà, az, àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́nu wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní bó ṣe ń to gbólóhùn tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ èdè láti yunifásítì ń fi ń lọ síbẹ̀ ṣáá. Àwọn kan máa ń fi èyí sọ pé èdè àbùmọ́ ni, pé kò mọ́ mọ́. Èmi ò fara mọ́ ọn rárá, èdè wo ló gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ èdè míì fún ẹgbẹ̀rún ọdún tí kò ní yá nǹkan?

Ẹ má gbàgbé pé mẹ́ta ni ohùn tó wà, ti Ìlú Méje, ti Ìlú Mẹ́tàlá àti ti Luserna, wọn ò sì dún bákan náà.

Ṣé wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ rárá?

Bẹ́ẹ̀ ni, láti 1602. Ọdún yẹn ni bíṣọ́ọ̀bù Padua, Marco Corner, ní kí wọ́n tẹ katikísímù ní èdè àwọn Ìlú Méje, torí ó rí i pé obìnrin àti ọmọdé orí òkè kò gbọ́ èdè Itálì. Wọ́n tún tẹ òmíràn ní 1813 àti 1842. Èyí já mọ́ nǹkan púpọ̀ fún mi, pé ní 1602 gan-an tí ọ̀pọ̀ èdè kéékèèké Yúróòpù ò tíì ní ìwé kankan, èdè àwọn darandaran wọ̀nyí ti wà lórí bébà.

Kí ló wá pa á ní Ìlú Méje?

Kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Àwọn tó máa ń sọ pé "àwọn ọ̀dọ́ ló kọ̀ ọ́" ń bínú sí ẹni tí kò ṣẹ̀. Ẹ wo bó ṣe lọ.

Ìjọ Kátólíìkì ló kọ́kọ́ yí padà. Láyé àtijọ́ fádà tó gbọ́ Jámánì ni wọ́n ń wá fún wọn, láti Jámánì gan-an nígbà míì, nígbà tó yá fádà onítálì ló ń wá, ìwàásù àti ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ bá di ti Itálì. Lẹ́yìn náà ni ìjọba wọn lọ ní 1807, ibi tí mo ní màá padà sí nìyí. Títí di ìgbà yẹn, ẹni tó bá gbọ́ Cimbrian tó sì jẹ́ ọmọ ìlú lè débi gíga nílé, ó lè ṣe aṣojú, ó lè jókòó ní Asiago. Lẹ́yìn 1807 ilé ẹjọ́, owó orí, ìwé ilẹ̀, iṣẹ́ ṣójà, gbogbo ẹ̀ ti ìsàlẹ̀ ló wá, Itálì sì ni wọ́n fi ń ṣe é. Ojú rere tí Venice ń ṣe fún wọn lórí owó orí pẹ̀lú àyè tí àgùntàn wọn ní ní pápá ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já mọ́ wọn lọ́wọ́, òṣì wọlé, àwọn ọkùnrin bá ń jáde lọ ṣiṣẹ́ rélùwéè àti iṣẹ́ kòtò ìwakùsà ní Austria àti Jámánì, àwọn kan sọdá òkun. Nígbà tí Veneto, ìpínlẹ̀ tí Ìlú Méje wà, di ara Itálì ní 1866, síkúùlù èdè Itálì dé. Ìyá tó fẹ́ kọ́mọ òun ríṣẹ́ á bá a sọ èdè tó ń mú iṣẹ́ wá. Ṣé a wá lè dá a lẹ́bi?

Òde Asiago ló kọ́kọ́ pa á tì, torí ọjà àti ọ́fíìsì wà níbẹ̀. Roana, Rotzo àti abúlé kéékèèké bíi Mezzaselva ló dì í mú pẹ́ jù.

Wọ́n ní Ogun Àgbáyé Àkọ́kọ́ ló parí ẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Kí ẹ lè lóye ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé láti 1866 ààlà orílẹ̀-èdè méjì gba àárín wọn kọjá. Asiago wà ní Itálì, Luserna wà ní Austria, kìlómítà díẹ̀ sí ara wọn, èdè wọn sì bára tan. Ní May 24, 1915, Itálì wọ ogun, ìbọn àgbá láti odi Itálì tó wà lórí òkè Verena ló kọ́kọ́ dún sí odi àwọn Austria lọ́hùn-ún. Odi ńlá kan wà lẹ́yìn Luserna gan-an. Wọ́n kó àwọn ará abúlé náà kúrò kíákíá, ọ̀nà jíjìn réré ni wọ́n gbé wọn lọ, sí Bohemia, tó jẹ́ ara Czech lónìí.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, May 15, 1916, àwọn ọmọ ogun Austria ya wọ òkè Asiago. Àwọn ará Ìlú Méje sá sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ohun tọ́wọ́ wọn ká, màlúù, ìkòkò, àwọn arúgbó nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Asiago jóná, gbogbo ìlú tó yí i ká di àlàpà. Odindi ọdún méjì àtààbọ̀ logun fi jókòó sórí òkè yẹn. Ní June 1917 nìkan, ogun òkè Ortigara pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣójà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, egungun àwọn ṣójà tó lé ní 50,000 ló sì wà nínú ibojì ńlá tó dúró lórí òkè kékeré lẹ́bàá Asiago.

Àwọn tó sá lọ ńkọ́? Wọ́n fọ́n wọn ká sínú ìlú àti abúlé ìsàlẹ̀, ìdílé kan síbí, ìdílé kan sọ́hùn-ún. Ọmọ tó kúrò ní Roana lọ́mọ ọdún mẹ́rin padà lọ́mọ ọdún méje tàbí mẹ́jọ, ọdún tó yẹ kí èdè wọ̀ ọ́ lára, àárín àwọn ọmọ onítálì ló ti lò ó. Wọ́n padà láti 1919, ilé ò sí, ilẹ̀ kún fún bọ́m̀bù tí ò tíì bú, ohun tí ọ̀pọ̀ fi jẹun fún ọdún gbọọrọ ni pé wọ́n ń wa irin, kọ́pà àti òjé ogun jáde nínú ilẹ̀ wọ́n ń tà á, àwọn kan kú sídìí ẹ̀. Recuperanti ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n kọ́ Asiago padà, ìlú ẹlẹ́wà ni, àmọ́ ìlú onítálì ni wọ́n kọ́. Tẹ́ ẹ bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo tó ba èdè yìí jẹ́ jù, ọdún mẹ́ta tí wọ́n fọ́n ká yìí ni màá mú.

Kí ló dé tí Luserna fi yè é?

Lójú tèmi, jíjìnnà ni àkọ́kọ́. Àwọn ará Lavarone ló tẹ abúlé náà dó, etí òkè ni, mọ́tò ò dé ibẹ̀ bọ̀rọ̀, àwọn ìdílé díẹ̀ ló sì ń fẹ́ra wọn. Títí dòní, ẹni tí kì í bá ń jẹ́ Nicolussi níbẹ̀ kò pọ̀, ó pọ̀ débi pé orúkọ náà nìkan ò tó mọ́ láti dá èèyàn mọ̀, wọ́n ní láti fi orúkọ agboolé tẹ̀ lé e, Nicolussi Castellan, Nicolussi Moz, Nicolussi Galeno, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, inú ìwé ìjọba gan-an ni wọ́n sì ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìkejì ni pé Austria ló ń ṣèjọba lórí wọn títí di 1918, síkúùlù Jámánì sì wà fún wọn, ìjọba ò fi ojú èdè àwọn aláìgbọ́n wo èdè wọn. Ilé ẹ̀kọ́ léèsì náà wà fáwọn obìnrin, iṣẹ́ ọwọ́ tó mú owó wọlé láìjẹ́ pé wọ́n kúrò nílé. Àwọn ọkùnrin ń lọ ṣe bíríkìlà níta nígbà ooru, wọ́n ń padà sílé nígbà òtútù. Nígbà tí wọ́n tiẹ̀ kó wọn lọ sí Bohemia, gbogbo wọn ni wọ́n jọ lọ, wọ́n sì jọ padà. Ẹ fi èyí wé ti Ìlú Méje.

Ìgbà Mussolini ńkọ́?

Ó le. Àwọn fásíìsì, ìyẹn ìjọba Mussolini ní Itálì, ò fẹ́ gbọ́ Jámánì rárá, kò sí síkúùlù ẹ̀, kò sí i ní gbangba, inú ilé ló kù. Ní 1939 Hitler àti Mussolini wá ṣàdéhùn pé kí àwọn tó ń sọ Jámánì lápá ibẹ̀ yan ọ̀kan, kí wọ́n di ará Jámánì kí wọ́n sì kó lọ, tàbí kí wọ́n jókòó kí wọ́n gbàgbé ara wọn. Àdéhùn náà kan Luserna. Àwọn ìdílé kan yàn láti lọ, ní 1942 wọ́n kó wọn lọ sí Bohemia lẹ́ẹ̀kan sí i, tí ogun parí ní 1945 wọ́n padà lọ́wọ́ òfo. Láàárín ìran kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n lé àwọn kan nílé.

Mélòó ló ń sọ ọ́ báyìí?

Ní ìkànìyàn 2001, èèyàn 882 ní Trentino ló sọ pé Cimbrian làwọn, 267 nínú wọn wà ní Luserna, ìyẹn nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn ará abúlé náà. Sísọ pé Cimbrian lèèyàn àti kéèyàn gbọ́ èdè náà kì í ṣe nǹkan kan náà o, ẹ fi síyè. Luserna nìkan ni ibi tó ṣì ti jẹ́ èdè ojoojúmọ́, ní ilé, ní ilé ọtí, lójú títì. Ní Giazza, èyí tó gbẹ̀yìn nínú àwọn Ìlú Mẹ́tàlá, tí wọ́n ń pè ní Ljetzan ní èdè wọn, àwọn àgbàlagbà díẹ̀ ló kù. Ní Ìlú Méje, ìhà Roana ló gbẹ̀yìn sí, iye tó kù níbẹ̀ kéré gan-an. UNESCO ti kọ ọ́ mọ́ àwọn èdè tó wà nínú ewu.

Ṣé ìjọba ń ṣe nǹkan kan?

Ó ń ṣe é, àmọ́ kò dọ́gba. Òfin Itálì tọdún 1999, nọ́ńbà 482, gbà pé àwọn èdè kéékèèké tó ti wà nílẹ̀ tipẹ́ yẹ ní ìdáàbòbò, Cimbrian wà níbẹ̀. Trentino tiẹ̀ ti ní òfin tiẹ̀ láti 1993. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé Trentino jẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń dá ṣèjọba ara ẹ̀, owó ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì ń ná an sórí Luserna, nígbà tí Asiago àti Giazza wà lábẹ́ Veneto tí kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Torí náà Luserna ní ilé iṣẹ́ àṣà tí ìjọba ń sanwó fún láti 1987, ó ní girama tí wọ́n tẹ̀ ní 2006, díkíṣọ́nárì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìròyìn tẹlifíṣọ̀n ní èdè náà tí wọ́n ń pè ní Zimbar Earde, orúkọ títì alédèméjì. Roana náà ní ilé iṣẹ́ àṣà láti 1973, Verona ní ẹgbẹ́ tiẹ̀, àwọn tó fi ọkàn àti owó ara wọn ṣe é ló pọ̀ jù níbẹ̀, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn gidi gan-an.

Ó dùn mí pé ibi tí èdè náà ti ní ìjọba fún ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún gan-an ni ìrànlọ́wọ́ ti kéré jù.

Àwọn ọmọdé ńkọ́?

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Luserna ní jẹ́lé-ó-sinmi tí àwọn tíṣà ti ń bá wọn sọ Cimbrian, wọ́n sì ní ìpàgọ́ ọmọdé nígbà ìsinmi tó jẹ́ pé èdè náà ni wọ́n fi ń ṣeré. Àmọ́ síkúùlù alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ abúlé náà ti tì, ọmọ ò pọ̀ tó, Lavarone ni wọ́n ń lọ, èdè Itálì ni wọ́n sì ń bá pàdé níbẹ̀. Iṣẹ́ ò sí lórí òkè, àwọn ọ̀dọ́ ń lọ sí Trento tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ń fẹ́ ẹni tí kò gbọ́ èdè náà. Girama àti tẹlifíṣọ̀n dáa, mi ò sọ pé kí wọ́n má ṣe é, àmọ́ iṣẹ́ tó máa jẹ́ kí tọkọtaya ọlọ́dún márùndínlọ́gbọ̀n jókòó sí Luserna bímọ ni oògùn tó jẹ́. Owó tí wọ́n bá fi kọ́ ilé fún irú àwọn bẹ́ẹ̀, owó èdè ni.

Mo gbọ́ pé àwọn kan wà ní Cansiglio. Àwọn wo nìyẹn?

Ará Roana ni wọ́n. Láti ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún làwọn ìdílé kan ti kó lọ sí igbó Cansiglio, lápá ìlà-oòrùn, torí igi beech ibẹ̀ dáa fún iṣẹ́ wọn, wọ́n ń fi í ṣe páálí onígi róbótó róbótó tí wọ́n ń kó wàràkàṣì sí. Wọ́n kọ́ abúlé onígi kéékèèké sínú igbó. Èdè ti lọ níbẹ̀, abúlé díẹ̀ wà síbẹ̀, ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wọn náà wà.

Ṣé àṣà wọn ṣì wà bí èdè ti ń lọ yìí?

Ó wà, ó sì lágbára ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ní ìparí February, àwọn ará Roana máa ń jáde sójú títì pẹ̀lú agogo màlúù, wọ́n á máa lù ú gbàngbàn láti lé òtútù lọ, Schella Marzo ni wọ́n ń pè é. Giazza máa ń dáná ńlá ní June. Nínú àlọ́ wọn, ẹ ó pàdé àwọn obìnrin ẹlẹ́ṣọ̀ọ́ tó ń gbé inú ihò àpáta, tó ń kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́ ọwọ́, tó sì ń pòórá tí wọ́n bá ṣẹ̀ wọ́n.

Èyí tó wù mí jù ni ti Asiago. Lọ́jọ́ tó ṣáájú Ìgòkè-re-ọ̀run, wọ́n á jí láàárọ̀ kùtù, fádà ṣáájú pẹ̀lú àgbélébùú, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn á tẹ̀ lé e yí ààlà ilẹ̀ ìlú ká, kìlómítà tó lé ní 30, inú igbó, orí pápá, gòkè sọ̀kalẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń dúró jẹun lọ́nà. Àjàkálẹ̀ àrùn tó jà ní 1631 ni wọ́n fi ń rántí. Àwọn ọmọbìnrin á ti fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ kun ẹyin láwọ̀, wọ́n á wá fún ọmọkùnrin tó wù wọ́n ní ẹyin náà. Ààlà ilẹ̀ tí àwọn ará ìjọba àtijọ́ là ni wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ yẹn.

Ṣé ará Jámánì ni wọ́n ka ara wọn sí?

Rárá. Itálì ni wọ́n, Cimbrian ni wọ́n. Mussolini àti Hitler ló fẹ́ kí wọ́n mú ọ̀kan kí wọ́n sì ju ìkejì nù.

Mo fẹ́ gbọ́ ọ fúnra mi, ibo ni kí n lọ?

Ẹ lọ sí Luserna. Láti Trento, ẹ gba ọ̀nà Lavarone, wákàtí kan àti díẹ̀ ni pẹ̀lú mọ́tò, kọ́nà pọ̀ lọ́nà. Ilé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Haus von Prükk, ilé àgbẹ̀ ayé àtijọ́ ni, wọ́n fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ààrò àti ibùsùn bó ṣe wà, ẹ wọlé wò ó. Ilé àkójọ ìtàn abúlé náà máa ń ṣí nígbà ooru. Lẹ́yìn náà ẹ jókòó sí ilé ọtí abúlé náà, ẹ kí àwọn àgbà, ẹ má kàn gbé fóònù lé wọn lẹ́nu. Tí wọ́n bá rí i pé èdè náà lẹ tìtorí ẹ̀ wá, wọ́n á sọ ọ́ sí yín. Tẹ́ ẹ bá láyè, ẹ gba ibẹ̀ lọ sí Roana ní July, ìgbà tí wọ́n ń ṣe Hoga Zait, ọ̀sẹ̀ àjọ̀dún Cimbrian tiwọn, orin, oúnjẹ, ìtàn, àti àwọn tó ń kọ́ èdè náà padà lágbà. Ẹni tí kò lè lọ, ìròyìn Zimbar Earde wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni.